Ìwé Ìbúra láti Òṣogbo

Agboolé Oyèbísí,
Ìlá Ọ̀ràngún.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1957.

Olúrẹ̀mí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ṣé ara rẹ le? Dinah ìyàwó rẹ ńkọ́, Ọládùnní ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń sáré báyìí? Òtútù ńkọ́, ṣé ó ti tún dé bí ìṣe rẹ̀? Bí o bá bèèrè wa, a wà láàyè, à ń jẹ, à ń mu, ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun, ó sì jókòó tì mí níhìn-ín bí mo ti ń kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé. Ọlọ́run tí ó mú ọ la òkun kọjá tí omi kò gbé ọ lọ, òun náà ni yóò mú ẹsẹ̀ rẹ dúró lórí ilẹ̀ tí o wà. Ibi tí o bá jókòó sí, wọn kò ní gbé àga kúrò ní ìdí rẹ. Àmín. Mo mọ ìdí tí mo fi gba àdúrà àga, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé, nítorí kò dára kí ènìyàn dédé ju ọ̀rọ̀ ńlá lu ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò ti ń dínkù. Iṣu ọdún yìí dára, ó funfun, ó sì ń gún dáadáa. Bẹ́ǹṣì mẹ́fà ni ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kàn fún Ìkórè, mo kàn wọ́n, ọ̀kan sì dá mọ́ Babáyẹmí aládùúgbò wa nídìí nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ń sọ pé igi náà ni kò tíì gbẹ, èmi sì sọ pé Babáyẹmí gan-an ni kò gbẹ. A ti parí ìjà. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, akọ kan, abo kan. Yàrá rẹ wà bí o ti fi í sílẹ̀, àfi pé òjò ń jò díẹ̀ sí igun tí o máa ń kó ìwé rẹ sí, ṣùgbọ́n mo ti gbé abọ́ sí i.

Ó yá, ọ̀rọ̀ dé. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ka èyí tí o fi Yorùbá kọ fúnra mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò sì lóye ju pé inú rẹ kò dùn lọ. Mo wá kó ti Gẹ̀ẹ́sì tí o fi sínú rẹ̀, èyí tí ọ́fíìsì ìjọba kọ sí ọ, mo gbé e tọ Tíṣà Àyàndélé lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kà á, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, nítorí Tíṣà kì í nu jígí fún ohun kékeré.

Kí n sọ òtítọ́ fún ọ, láti ọdún méjì sẹ́yìn tí o ti kọ̀wé pé o ti di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí mo ṣe gbà á sí kọ́ ni Tíṣà sọ pé ó rí. Èmi rò pé Ọbabìnrin gbà ọ́ tọ́ ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá gba ọmọ ẹlòmíràn sọ́dọ̀. Mo ti sọ ọ́ káàkiri ìlú pé èmi àti Ọbabìnrin la jọ ń tọ́ ọmọ kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi di ata gígún àti orógbó sínú ẹrù tí Dinah gbé nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, tí mo ní kí o bá mi fi jíṣẹ́ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, o kò sì sọ fún mi di òní bóyá ata náà ta jù. Tíṣà ní kò sí ẹni tó gbà ọ́ tọ́, ó ní ìwé ni. Ó ní àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kò nílò ìwé kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibòmíràn wá yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, yóò dáhùn ìbéèrè, yóò mú àwọn tí yóò jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀ wá, yóò sì búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí Ọbabìnrin àti àwọn àrólé wọn, nígbà náà ni wọn yóò tó fún un ní ìwé tí ó sọ ọ́ dọmọ. Ó ní bí wọ́n ti fi ìwé fún un náà ni wọ́n lè gbà á padà bí ẹ̀sùn bá wà. Ti ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ni wọn kì í gbà.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bá wọn jà nínú ọkàn mi. Ọmọ tí a bí kò ṣe é lé, ọmọ tí a gbà ni a lè lé, níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìwọ náà mọ ilé Àyànlọ́lá tó kángun sí tiwa. Ọ̀tan ni bàbá ńlá wọn ti wá, àwọn bàbá wa fún un nílẹ̀, ó kọ́lé, ó bímọ, ó kú, a sì sin ín síbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ọ̀kan nínú wa bá ọmọ wọn jà lójú odò, ó sì sọ fún un pé àlejò ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì gbẹ lẹ́nu rẹ̀ tí àwọn àgbà fi ní kí ilé wa mú ewúrẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n. Mo sọ èyí fún Tíṣà kí ó bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí London, kí wọ́n lè mọ iye ewúrẹ́ tí wọn yóò jẹ ọ́ bí wọ́n bá jẹ̀bi. Ó ní òun kò rò pé òfin wọn ní ewúrẹ́ nínú.

Ó wá ń ka fún mi àwọn ohun tó lè mú kí wọ́n gba ìwé náà padà. Ó ní bí ènìyàn bá fi ẹnu tàbí ìṣe kẹ̀yìn sí Ọbabìnrin. Mo ní ìwọ kẹ̀, ọmọ tí kì í dá àgbà lóhùn bí wọ́n bá ń bá a wí. Ó ní bí ènìyàn bá bá àwọn ọ̀tá wọn ṣòwò nígbà ogun. Mo ní ogun ti parí kí o tó dé ibẹ̀, àti pé ohun kan ṣoṣo tí o tà rí láyé rẹ ni ẹyin adìẹ ìyá rẹ, Tíṣà Àyàndélé fúnra rẹ̀ ló sì rà á, nítorí náà bí wọ́n bá bi í kí ó má sẹ́. Ó ní bí wọ́n bá ju ènìyàn sẹ́wọ̀n ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó gba ìwé. Mo ní kó máa kà á lọ. Ó ní bí ènìyàn bá lọ gbé ilẹ̀ òkèèrè fún ọdún méje gbáko láìfi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọọdún pé òun ṣì ń fẹ́ jẹ́ ọmọ wọn. Èyí yà mí lẹ́nu. Àwọn ará ìlú yìí wà ní Kùmásì tí wọ́n ti lo ogún ọdún níbẹ̀ láìkọ lẹ́tà kan sílé, ọjọ́ tí wọ́n bá dé, omi la kọ́kọ́ ń bù fún wọn mu.

Ìkẹyìn ni ó wá ka èyí tó kàn ọ́, pé bí ènìyàn bá fi irọ́ gba ìwé náà, tàbí tó bá fi òtítọ́ kan tó ṣe pàtàkì pamọ́. Wọ́n ní o purọ́ nípa bàbá rẹ.

Mo jókòó. Tíṣà ní kí n fọkàn balẹ̀, nítorí wọn kì í dédé lé ènìyàn bí ẹni lé adìẹ. Wọ́n ti kọ ẹ̀sùn náà sínú ìwé fún ọ, wọ́n sì ní bí o bá fẹ́, ìgbìmọ̀ kan tí ẹni tó mọ iṣẹ́ adájọ́ ṣe olórí rẹ̀ yóò jókòó gbọ́ tẹnu rẹ. O ní o fẹ́ bẹ́ẹ̀, o ṣe dáadáa. O ní inú oṣù Kejìlá ni ìjókòó náà, àti pé lọ́yà rẹ sọ pé ohun tí yóò gbà ọ́ ni kí èmi fúnra mi lọ sí kóòtù lọ búra nípa ẹni tí bàbá rẹ jẹ́ gan-an, kí ìwé ìbúra náà sì dé ọwọ́ òun kí ọjọ́ tó pé. O ní bí wọ́n bá gba ìwé ọmọ-ìlú yìí lọ́wọ́ rẹ, iṣẹ́ rẹ ní ọ́fíìsì ìjọba ti lọ, o kò sì mọ ohun tí wọn yóò máa pe ìwọ àti Dinah àti ọmọ. Mo gbọ́. Mo tún un sọ kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Rẹ̀mí, èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ tí mo mú ọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ò ń sunkún, o di ṣòkòtò mi mú, tíṣà tó wà níbẹ̀ nígbà náà sì ṣí ìwé ńlá kan, ó ní orúkọ bàbá ọmọ. N kò rò ó rárá. Mo ní Jóṣúà káfíńtà. Kí ni ǹ bá sọ? Ṣòkòtò mi lo dì mú. Orúkọ yẹn ló tẹ̀ lé ọ títí o fi jáde ìwé, ó tẹ̀ lé ọ dé inú ìwé ìrìnnà, ó wà lára àpótí tí mo kàn fún ọ, tí mo fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ sí i, A. O. JÓṢÚÀ, tí ìyá rẹ ní lẹ́tà náà tóbi jù. Nígbà tí o wá ń gba ìwé ọmọ-ìlú, tí wọ́n kìlọ̀ fún ọ pé ẹni tó bá purọ́ yóò rí ẹ̀wọ̀n he, o kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti bèèrè bàbá pé Ọlátúbọ̀sún, olóògbé. Òtítọ́ lo kọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbé ìwé tàtijọ́ àti ìwé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó rí bàbá méjì, ọ̀kan láàyè, ọ̀kan nínú sàréè, ó sì ní ìwọ kọ́ ni ẹni tí o pe ara rẹ.

N kò ní fi pamọ́ fún ọ pé nígbà tí Tíṣà ka orúkọ Ọlátúbọ̀sún ẹ̀gbọ́n mi jáde, ara mi bù máṣọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni kò tíì so orúkọ yẹn mọ́ tìrẹ ní agboolé yìí. Kì í ṣe pé a sọ ọ́ di àṣírí, a kì í ya ọmọ sọ́tọ̀ ni. Ìgbà tí ò ń rákò ni ẹ̀gbọ́n mi kú, àwọn àgbà ní kí n ṣú ìyá rẹ lópó, mo sì ṣú u. N kò ní aya kankan nígbà náà, n kò sì fẹ́ òmíràn lé e di òní. Ọjọ́ náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di ọmọ mi, a kò lọ sí kóòtù, a kò kọ ìwé, ẹnikẹ́ni kò sì búra. Mo wá ń rò ó pé ará ilé kan ló kọ̀wé sí ọ láti fojú mi gbolẹ̀, tí ìwọ náà sì gbọ́, tí o yọ orúkọ mi, tí o fi ti ẹ̀gbọ́n mi sí i. Ó dùn mí. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń fá pákó kan tí kò nílò fífá, mo fá a títí ó fi fẹ́ tán lọ́wọ́ mi.

Síbẹ̀, n kò lè torí ìyẹn jẹ́ kí wọ́n gbé àga kúrò ní ìdí rẹ. Ní ọjọ́ Ajé yìí, èmi àti ìyá rẹ wọ lọ́rì lọ sí Òṣogbo. Táyà lọ́rì náà jò ní Ọ̀tan, a sì pẹ́ díẹ̀ kí a tó dé. Mo wọ agbádá tí mo wọ̀ nígbà ìgbéyàwó rẹ, tí a ṣe níhìn-ín tí ìwọ kò sí nílé, mo sì gbé iṣu mẹ́ta dání fún adájọ́, nítorí a kì í mú ọwọ́ òfìfo lọ sí ilé ẹni tí a fẹ́ bẹ̀. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà rí i, ó ní kí n yára gbé e pamọ́ kí wọ́n má baà sọ pé mo fẹ́ fi iṣu ra ẹjọ́. Mo ní ta ló ń fi iṣu mẹ́ta péré ra ẹjọ́, bí mo bá fẹ́ ra ẹjọ́ ǹ bá gbé ogún wá. Ìyá rẹ fà mí láṣọ.

Akọ̀wé kóòtù jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ní ọ̀wọ̀, ó gbé àga fún ìyá rẹ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà níwájú rẹ̀, bí ènìyàn bá ti ń sọ ọ́ lòun náà ń tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì rò pé nǹkan tó ń yára gbọ́ ọ̀rọ̀ tó báyẹn, ó yẹ kí ènìyàn máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo fún un ní ìwé tí lọ́yà rẹ kọ, èyí tó wà pẹ̀lú lẹ́tà rẹ. Ó bèèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́. Ó bèèrè iṣẹ́ mi, mo sọ ọ́. Ó ní ta ni bàbá Olúrẹ̀mí, mo ní èmi ni. Ó ti tẹ̀ ẹ́ tán kí ó tó gbójú sókè, ó ní bàbá, kì í ṣe ohun tí lọ́yà London kọ pé ẹ wá sọ nìyí. Mo ní mo mọ̀. Ó yọ ìwé náà, ó ya á, ó fi tuntun sí i, ó sì tún bèèrè. Mo tún ní èmi ni. Rẹ̀mí, kì í ṣe agídí, ẹnu mi ló ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó ní ó dáa, kí òun gba ibòmíràn wọ̀ ọ́, ta ló bí i? Mo nawọ́ sí ìyá rẹ, mo ní ìyá yìí ló bí i. Ó ní ta wá ni ọkọ ìyá yìí? Mo ní èmi ni. Ó fọwọ́ lérí, ó ní kí a jọ̀wọ́ jáde lọ gba atẹ́gùn díẹ̀ kí òun fi dá àwọn mìíràn lóhùn.

A jókòó lórí òkúta lábẹ́ igi tó wà níta. Ìyá rẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Mo ní bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé èmi kọ́, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, tí wọ́n lù ú lóǹtẹ̀, kí ló kù fún mi? Mo ní àwọn ará London ni wọ́n ń fi ìwé sọni dọmọ tí wọ́n sì ń gba ìwé náà padà, ìwé tí wọ́n ní kí n wá ṣe yìí lè gba ọmọ lọ́wọ́ èmi náà. Mo ní ẹnu òfófó kan láti ilé ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá rẹ sọ fún mi pé kò sí òfófó kankan, òun lòun sọ fún ọ. Ó ní ní gáréèjì ni, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ò ń lọ sí Èkó láti wọ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí mo ń bá awakọ̀ jà lórí ibi tí yóò gbé àpótí rẹ sí. Ó ní òun kò fẹ́ kí o la òkun kọjá láìmọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọ mọ́ra. Ó ní o sunkún díẹ̀, o sì bẹ òun pé kí òun má jẹ́ kí n mọ̀ pé o ti mọ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Gbogbo lẹ́tà tí o kọ sí mi wà nínú agolo bisikíìtì lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, mo mọ̀ wọ́n bí mo ti mọ ayùn mi. Mo jókòó lórí òkúta yẹn, mo ń ka ìbẹ̀rẹ̀ wọn lọ́kàn mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti Èkó wá. Èyí tí o fi sọ pé èébì kò jẹ́ kí o jẹun nínú ọkọ̀. Èyí tí o fi sọ pé ìbọ̀sẹ̀ méjì lò ń wọ̀ lé ara wọn. Èyí tí o kọ nígbà tí wọ́n bí Ọládùnní, tí o gbàgbé láti kọ déètì sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bàbá mi ọ̀wọ́n. O ti mọ̀ kí o tó kọ àkọ́kọ́. Kò sí tíṣà tó ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ, kò sí ẹni tó dúró tì ọ́, ìwọ nìkan ni pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì, o sì kọ Bàbá. Mo sunkún níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan lójú àwọn ará Òṣogbo, ojú kò sì tì mí. Ìyá rẹ fún mi ní ìborùn rẹ̀.

Mo tún wá ro ti ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ti ń di ayùn mú tí kò fi ní gé ni lọ́wọ́. Mo gba ṣọ́ọ̀bù wọn, mo gba aya wọn, mo gba ọmọ wọn, n kò sì jẹ́ kí wọ́n ní ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé kankan láyé yìí. Ìwọ lo wá bá wọn wá ìlà kan, ní ìlú òyìnbó. Wọ́n ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí igba ojú gbàgbé ojú méjì náà. Mo dìde, mo ní kí ìyá rẹ jẹ́ kí a wọlé.

Akọ̀wé gbé Bíbélì fún mi, mo dì í mú, mo sì sọ ọ́. Mo ní Ọlátúbọ̀sún ọmọ Oyèbísí ló bí Olúrẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ti kú, mo ṣú ìyàwó rẹ̀ lópó, mo sì tọ́ ọmọ náà. Mo ní èmi kọ́ ni mo bí i. Ohùn mi kò ròkè ṣùgbọ́n akọ̀wé gbọ́, ó rọra tẹ̀ ẹ́, kò sì wo ojú mi. Ó ní ó ku kí n fọwọ́ sí i. O mọ̀ pé mo mọ̀wé díẹ̀, mo gba pẹ́ẹ̀nì, mo fọwọ́ sí i bí mo ti máa ń ṣe lórí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ìwé owó-orí láti ìgbà yí wá. Akọ̀wé gbé e sókè, ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó, ó sì gbé e wọlé tọ adájọ́ lọ. Mo ti kọ Bàbá Rẹ̀mí síbẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọn yóò tì mí mọ́lé. Adájọ́ ní kí n wọlé wá. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló dé tí mo búra pé èmi kọ́ ni bàbá, tí mo sì fi bàbá fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n má bínú, orúkọ mi ni. Mo ní bí wọ́n bá wá sí Ìlá tí wọ́n bèèrè Jóṣúà, wọn yóò fi Jóṣúà mẹ́rin hàn wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bèèrè Bàbá Rẹ̀mí, ọmọdé pàápàá yóò mú wọn wá sí ilé mi. Wọ́n wá sọ fún akọ̀wé pé ẹni tó bá ń búra gbọ́dọ̀ fi gbogbo orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí hàn, kí ó tún un tẹ̀, kí orúkọ yẹn sì wà lókè pátápátá. Wọ́n ní ohun tí àwọn ará London kò lè dá mọ̀ nìyí, pé odindi ìlú lè máa pe ènìyàn ní bàbá ọmọ tí kò bí, kó má sì sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni ìgbìmọ̀ náà yóò ti rí ìdí tí orúkọ méjì fi wà nínú ìwé rẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Iṣu náà, a sè é jẹ nígbà tí a délé.

Mo dé ilé ìfìwéránṣẹ́ lónìí láti ra sítáǹbù sílẹ̀. Orí Ọbabìnrin ló wà lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi ahọ́n lá a lẹ́yìn, èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní irú àkókò yìí tí a ní ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo tọrọ omi díẹ̀ mo fi ìka rọra pa á. Bí o bá rí i tí ó tẹ̀ díẹ̀, òun nìyẹn, má rò pé mo fojú di wọ́n.

Bí owó bá wá sí ọwọ́ rẹ, bá mi fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra páànù sí orí yàrá rẹ, kí abọ́ yẹn lè kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń retí kí wọ́n lé ọ. Yàrá ọmọ kò gbọdọ̀ jò ni. Ìyá rẹ ní kí n sọ pé òun fẹ́ àwòrán Ọládùnní, èyí tí ojú rẹ̀ hàn, kì í ṣe ti fìlà òtútù tó bò ó títí dé imú. Èmi náà ń fẹ́ jígí ojú, ṣùgbọ́n páànù ni kó ṣáájú.

Mo bẹ Ọlọ́run kí ìgbìmọ̀ náà fi etí rere gbọ́ ọ, kí adájọ́ tó ṣe olórí wọn jẹ́ ẹni tí ẹlòmíràn bá òbí rẹ̀ tọ́. Bí wọ́n bá sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú gbogbo èyí, má jẹ́ kí ó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́, kó ìyàwó àti ọmọ rẹ wá sílé. Ti ibí, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ, nítorí a kò fi ìwé kankan fún ọ. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ, ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ti ń tọ́jú wa, ẹ̀gbọ́n mi níbi tí wọ́n wà yóò máa gbè ọ́ lẹ́yìn. Àmín.

Ìwé ìbúra náà wà nínú àpòòwé kékeré tó wà nínú èyí, mo ti lẹ̀ ẹ́ pa. Gbé e fún lọ́yà rẹ. Bí o bá ní dandan kí o kà á kí o tó gbé e fún un, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni kí o kà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì há a sórí. Ó ní: Èmi, Jóṣúà, káfíńtà, ará Ìlá, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Bàbá Rẹ̀mí. Ibẹ̀ ni kí o ti pa á dé.

Èmi ni,
Jóṣúà,
Bàbá rẹ.